Láti Philadelphia dé Cooperstown: ọjọ́ mẹ́jọ lẹ́yìn beesibọ́ọ̀lù

Ọjọ́ Ajé, 21 Oṣù Keje 2025

Aago mẹ́sàn-án ni mo pe ìrìn, aago mọ́kànlá la tó kúrò nílé ní Maryland, torí ọmọ mi ń wá ìbọ̀wọ́ tó fi ń gbá beesibọ́ọ̀lù. Abẹ́ ìjókòó mọ́tò ló pàpà wà. Mo ní kí ló fẹ́ fi ìbọ̀wọ́ ṣe nígbà tó jẹ́ pé ìran la ń lọ wò. Ó ní, "Daddy, bí bọ́ọ̀lù bá fò wá sọ́dọ̀ wa ńkọ́?" Mo dákẹ́.

Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni. Òun ló fà mí wọnú eré yìí. Ìlọrin ni wọ́n bí mi sí. Pápá beesibọ́ọ̀lù kan wà ní Adétà níbẹ̀ tí mo ti gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá láìmọye ìgbà, n kò sì yà wò ó lọ́jọ́ kan. Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ni tiwa. Lójú mi nígbà náà, ẹni tó bá mú igi wọ pápá, ìjà ló bá wá. Ṣùgbọ́n mo ṣèlérí fún ọmọ yìí pé bó bá yege ìṣirò, màá mú un lọ sí Cooperstown ní New York lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ gba Ichiro Suzuki, agbábeesibọ́ọ̀lù ọmọ Japan, wọ Hall of Fame, ilé tí wọ́n ń tọ́jú orúkọ àwọn akọni eré náà sí, èyí tí màá máa pè ní Ilé Òkìkí nínú àkọsílẹ̀ yìí. Ọmọ náà gba A. Ẹnu mi ló kó bá mi.

Philadelphia la kọ́kọ́ yà sí, torí Phillies, ẹgbẹ́ ìlú náà, ń gbàlejò Red Sox ti Boston lálẹ́ òní. Owó ibi tí a gbé mọ́tò sí nìkan tó owó ọbẹ̀ ọ̀sẹ̀ kan. Bí a ṣe ń gun àtẹ̀gùn lọ, mo rí ọkùnrin kan níwájú wa tó wọ jẹ́sì Boston. Orúkọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni BELLO, 66. Inú mi dùn débi pé mo ti fẹ́ kí i ní "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, Alàgbà Bello." Ọmọ mi fà mí láṣọ. Ó ní Brayan Bello ni, ọ̀kan nínú àwọn tó ń ju bọ́ọ̀lù fún Boston, ará Dominican Republic, "Béyò" ni wọ́n sì ń pe orúkọ náà. Ẹni tó wọ jẹ́sì yíjú padà, òyìnbó pọ́ńbélé ni.

Fún ẹni tí kò bá mọ eré yìí rárá: ẹnì kan ń ju bọ́ọ̀lù, ẹnì kejì mú igi dání, ó fẹ́ gbá a. Lẹ́yìn onítọ̀hún, ẹnì kan lóṣòó tó na ìbọ̀wọ́ sílẹ̀ de bọ́ọ̀lù. Kẹ́ṣà ni wọ́n ń pè é. Bí onígi bá gbá bọ́ọ̀lù dáadáa, á sáré láti béèsì kan (ibi ìdúró lórí pápá) dé èkejì títí á fi yí padà wálé, ayò kan nìyẹn. Bó bá gbá a fò kọjá ògiri pápá, hóòmù-rọ́ọ̀nù ni, ó lè rọra máa rìn wálé bí ọkọ ìyàwó. Ìgbà mẹ́sàn-án ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan máa gbá.

Ohun tí mo máa ń ráhùn sí tẹ́lẹ̀ ni pé eré náà kì í tán. Ajubọ́ọ̀lù á fọwọ́ pa fìlà, á wo ojú ọ̀run, á họmú, á tún fọwọ́ pa fìlà. Láti ọdún 2023 ni wọ́n ti gbé aago kalẹ̀ fún wọn: ìṣẹ́jú àáyá 15 bí kò bá sí ẹnikẹ́ni lórí béèsì, 18 báyìí bí ẹnì kan bá wà níbẹ̀ (20 ni lọ́dún àkọ́kọ́). Eré tó ń gbà ju wákàtí mẹ́ta lọ wá di wákàtí méjì àti ogójì ìṣẹ́jú ní ọdún yẹn. Àwọn àgbà tó ní àṣà ni wọ́n ń bà jẹ́ kò tíì jáwọ́ nínú ẹjọ́. Èmi wà lẹ́yìn aago gbágbáágbá.

Gbogbo ìgbà tí Kyle Schwarber ti Phillies bá jáde ni ariwo ń sọ. Ọjọ́ mẹ́fà sẹ́yìn ni wọ́n gbá eré àwọn ìràwọ̀ ní Atlanta, ó parí sí 6–6, wọ́n sì fi hóòmù-rọ́ọ̀nù dá a, bí a ṣe ń fi pẹnárítì dá bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀. Ìgbà mẹ́ta ni Schwarber gbá, ẹ̀ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta ló kọjá ògiri. Nínú eré yẹn náà ni wọ́n ti dán ẹ̀rọ wò, tí agbábọ́ọ̀lù lè fọwọ́ kan fìlà tàbí akoto rẹ̀ láti ní kí ẹ̀rọ yẹ ìdájọ́ rẹfirí wò. Ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu gbogbo èèyàn lórí ìlà tí a jókòó sí nìyẹn, títí kan bàbá àgbàlagbà kan tó ní bí ẹ̀rọ bá ti ń dájọ́, ta ni òun fẹ́ máa bú?

Eré wa wà ní 2–2 títí ìgbà kẹsàn-án fi parí. Òfin kan wà láti ọdún 2020 pé bí eré bá ti wọ ìgbà kẹwàá, wọ́n á mú ẹnì kan lọ dúró sórí béèsì kejì lọ́fẹ̀ẹ́. Mo bi ọmọ mi pé iṣẹ́ wo lẹni yẹn ṣe tó fi débẹ̀. Ó ní kò ṣe nǹkan kan. Kí n má parọ́, èyí kò bá mi lára mu.

Ìgbà náà ni ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò rí rí ṣẹlẹ̀. Béèsì kún. Edmundo Sosa ti Phillies fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù, ó yí ọkàn padà, ó fa igi dúró láàárín méjì. Kò sí ohun tó jọ mí lójú. Ṣùgbọ́n Phillies ní kí wọ́n yẹ àwòrán wò. A dúró. Orí ẹ̀rọ ńlá ni wọ́n ti fi hàn wá: etí igi Sosa ti kan ìbọ̀wọ́ Carlos Narváez, kẹ́ṣà Boston. Kẹ́ṣà kò gbọ́dọ̀ dí igi lọ́nà. Bó bá dí i, wọ́n á fún onígi ní béèsì kìn-ín-ní, ẹni tó wà níwájú rẹ̀ á sún síwájú, ẹni tó wà lórí béèsì kẹta á sì wálé. 3–2. Ó parí. Kò sí bọ́ọ̀lù tó fò, kò sí eré àsákú, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn kàn dìde lẹ́ẹ̀kan náà, ìdajì ń pariwo ayọ̀, ìdajì ń bi ara wọn pé kí ló dé. Ọdún 1971 ni eré kan ní Major League, líìgì beesibọ́ọ̀lù tó ga jù ní Amẹ́ríkà, ti parí báyìí kẹ́yìn. Ọmọ mi mọ òfin náà kí wọ́n tó sọ ọ́. Mo wò ó tìyanu-tìyanu.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 22 Oṣù Keje

Láàárọ̀, a lọ wo ère Octavius Catto ní ẹ̀gbẹ́ ilé ìjọba ìlú Philadelphia. Olùkọ́ ni Catto, aláwọ̀ dúdú ni, ó jà kí àwọn èèyàn rẹ̀ lè wọ ọkọ̀ ojú irin ìgboro, ó sì tún ń gbá beesibọ́ọ̀lù. Ní 1867, ẹgbẹ́ rẹ̀, Pythians, bẹ̀bẹ̀ láti wọ àjọ àwọn ẹlẹ́gbẹ́ beesibọ́ọ̀lù ní Pennsylvania, wọn kò gbà wọ́n. Lọ́jọ́ ìdìbò ní Oṣù Kẹwàá 1871, wọ́n yìnbọn pa á ní ìgboro. Ọmọ ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni. Ọdún 2017 ni ère náà dé. Ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú, ọmọ mi sì dúró síwájú rẹ̀, òun náà na ọwọ́. Mo ya fọ́tò.

Ọ̀nà Bronx la wà nígbà tí mo ń ro ti Dick Allen, ọ̀kan nínú àwọn márùn-ún tí wọ́n fẹ́ gbà lọ́jọ́ Àìkú. Ní 1963, Phillies fi í ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ ọmọ ìdí wọn ní Little Rock, Arkansas, òun ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ níbẹ̀, a sì mọ ohun tí ojú rẹ̀ á ti rí. Nígbà tó dé Philadelphia gan-an, àwọn tó sanwó wá wò ó ló ń ju nǹkan lù ú, débi pé akoto ló ń dé nínú pápá nígbà tí àwọn yòókù dé fìlà. Ó gba ẹ̀bùn agbábọ́ọ̀lù tuntun tó dára jù ní 1964, ó gba ti agbábọ́ọ̀lù tó ta yọ jù ní 1972 nígbà tó wà ní Chicago, ó gbá hóòmù-rọ́ọ̀nù 351. Ní ìparí ọdún 2014, àwọn ìgbìmọ̀ dìbò, ìbò kan ṣoṣo ló kù kó wọlé. Ó kú ní Oṣù Kejìlá 2020. Ní 2021 wọ́n tún dìbò: ìbò kan ṣoṣo. Oṣù Kejìlá tó kọjá ló tó wọlé.

Àwọn àgbà wa ní ọjọ́ a bá kú là á dère, èèyàn ò sunwọ̀n láàyè. Mo sọ ọ́ fún ọmọ mi nínú mọ́tò, mo túmọ̀ rẹ̀. Ó ní, "So Yoruba people knew about Cooperstown." N kò lè bú u.

Ọjọ́rú, 23 Oṣù Keje

Ilé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin la sùn. Ìyá Ìbejì ti gbé Bronx fún ọdún méjìlélógún, ilé rẹ̀ kò jìnnà sí pápá Yankees, kò sì tẹ ẹsẹ̀ wọ ibẹ̀ rí. "Kí ni mo fẹ́ wá débẹ̀? Ọjọ́ tí wọ́n bá ti ní eré, n kì í rí ibi gbé mọ́tò sí." Yankees wà ní Toronto lónìí, àyè mọ́tò pọ̀ bí ìyẹ̀pẹ̀, inú ẹ̀gbọ́n mi dùn.

Àmàlà àti gbẹ̀gìrì ló fi gbà wá. Ìdí oúnjẹ ni ọmọ mi ti ń ṣàlàyé Juan Soto fún un, pé Yankees ló wà lọ́dún tó kọjá, Mets ní Queens wá fún un ní mílíọ̀nù 765 dọ́là fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó sì kó ẹrù.

"Mélòó lọ́dún kan?"

"Mílíọ̀nù mọ́kànléláàádọ́ta, Mọ́mì."

Ẹ̀gbọ́n mi gbé òkèlè dúró. "Láti Bronx sí Queens? Ọ̀nà tí mò ń san owó bọ́ọ̀sì lọ? Ẹ bá mi bi wọ́n bóyá wọ́n ń wá ìyá àgbàlagbà kan."

Ti Shohei Ohtani ló wá dá ìjà sílẹ̀. Mílíọ̀nù 700 fún ọdún mẹ́wàá ni Dodgers ti Los Angeles bá a dá, ṣùgbọ́n mílíọ̀nù méjì péré ló ń gbà lọ́dún kan báyìí. 680 tó kù, ó di 2034 kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, mílíọ̀nù 68 lọ́dọọdún. Mo ní bó bá jẹ́ èmi, n kò ní gbà. Ẹ̀gbọ́n mi ní n kò mọ nǹkan kan, pé àjọ ni ọmọ yẹn ń dá, ó fi Dodgers ṣe alájọ, ẹni tó ní ìwà ní ń lè fi owó sílẹ̀. Mo ní bí alájọ bá sá lọ ńkọ́? Ó ní, "Dodgers á sá lọ síbo?" Ó di gbogbo mọ́ínmọ́ín tó kù fún wa sínú kúlà, ti ewé, kì í ṣe ti agolo.

Ọjọ́bọ̀, 24 Oṣù Keje

Táyà jò ní òpópónà, a fi wákàtí méjì dúró de ẹni tó wá tún un ṣe. Nígbà tí a dé hòtẹ́ẹ̀lì tí mo ti sanwó rẹ̀ láti Oṣù Kẹta, wọ́n ní àwọn kò rí orúkọ mi. Mo fi ìwé ẹ̀rí hàn wọ́n lórí fóònù. Ọmọbìnrin tó wà nídìí tábìlì ní òun rí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí yàrá. Yàrá kan ṣoṣo tí a pàpà rí, wákàtí kan sí Cooperstown ni, olóòórùn sígá. N kò fẹ́ sọ̀rọ̀ lé e.

Ọjọ́ Ẹtì, 25 Oṣù Keje

Cooperstown kéré o. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ kò tó ẹgbẹ̀rún méjì. Òpópónà kan ṣoṣo ló ní ìtajà dáadáa, adágún omi kan ló sì wà ní ìparí rẹ̀, omi náà tutù, ó dúró jẹ́ẹ́. Ìdí tí Ilé Òkìkí fi wà níbí ló pa mí lẹ́rìn-ín jù: ìgbìmọ̀ kan jókòó láàárín 1905 sí 1907, wọ́n ní ọ̀gágun kan tó ń jẹ́ Abner Doubleday ló dá beesibọ́ọ̀lù sílẹ̀ ní Cooperstown ní 1839. Irọ́ ni. Ilé ẹ̀kọ́ ológun West Point ni Doubleday wà lọ́dún yẹn. Ṣùgbọ́n irọ́ náà ti kọ́lé, ilé náà ti ṣí ní 1939, a sì ti sanwó wọlé. Pápá tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè wà nítòsí, àwọn ọmọdé ń gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀ láìbìkítà ẹni tó dá a sílẹ̀.

Lẹ́bàá àtẹ̀gùn, ère Hank Aaron ló kọ́kọ́ kí wa. Ọdún tó kọjá ni wọ́n gbé e kalẹ̀. Òun ló kọjá hóòmù-rọ́ọ̀nù 714 ti Babe Ruth lọ́jọ́ 8 Oṣù Kẹrin 1974, ó sì gbá 755 kó tó fẹ̀yìn tì, láàárín lẹ́tà àwọn tó fẹ́ pa á torí àwọ̀ rẹ̀. Lókè, ibi tí wọ́n to ìtàn àwọn aláwọ̀ dúdú nínú eré yìí sí gba wákàtí méjì lọ́wọ́ wa. Ti Japan náà wà, tuntun ni, àwọn ará Japan sì kún ibẹ̀ bí ọjọ́ ọjà.

Gbọ̀ngàn àwo idẹ ni mo fẹ́ sọ. Yàrá gígùn kan ni, ó dákẹ́ rọ́rọ́ bíi ṣọ́ọ̀ṣì, ògiri méjèèjì kún fún àwo idẹ. Lórí àwo kọ̀ọ̀kan ni orí ẹnì kan wà pẹ̀lú ìlà ọ̀rọ̀ bíi mélòó kan nísàlẹ̀: orúkọ, ìnagijẹ, ẹgbẹ́ tó gbá fún, ohun tó ṣe. Mo ń kà wọ́n ketekete, mo wá rí i pé oríkì ni. Kúkúrú, ó le, ó ní iye. Ohun tó kù ni kí ẹnì kan fi ohùn sí i. Mo gbìyànjú rẹ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ níwájú àwo Josh Gibson, ọmọ mi ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ mí.

Ẹ jẹ́ n dúró díẹ̀ lórí Gibson. Kẹ́ṣà ni, inú líìgì àwọn aláwọ̀ dúdú ló ti gbá bọ́ọ̀lù rẹ̀, torí wọn kò jẹ́ kó wọ ti àwọn òyìnbó. Ó kú ní Oṣù Kìíní 1947, ọmọ ọdún márùndínlógójì. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, 15 Oṣù Kẹrin, Jackie Robinson, aláwọ̀ dúdú bíi tirẹ̀, wọ pápá fún Brooklyn, ìlẹ̀kùn ṣí. Oṣù mẹ́ta! Àwo rẹ̀, tí wọ́n gbé kọ́ ní 1972, sọ pé ó gbá hóòmù-rọ́ọ̀nù tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 800. "Fẹ́rẹ̀ẹ́ tó" yẹn ló dùn mí, torí eré tó mọ iye ìgbà tí òyìnbó kan gbá bọ́ọ̀lù ní ọdún 1905, kò ka ti Gibson pé. Oṣù Karùn-ún 2024 ni wọ́n tó da ìṣirò líìgì àwọn aláwọ̀ dúdú pọ̀ mọ́ ti Major League. Nínú ìdá ìgbà tí onígi ń gbá bọ́ọ̀lù dé béèsì, Gibson bọ́ sókè pátápátá pẹ̀lú .372, ó kọjá Ty Cobb tó ti wà níbẹ̀ láti ayébáyé pẹ̀lú .367. Bí ẹ bá bi mí, iṣẹ́ gidi ni wọ́n ṣe. Ẹnì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ń sọ pé ìṣirò náà kò péye. Kò péye lóòótọ́. Ta ni kò kà á nígbà tó yẹ kí wọ́n kà á?

Àwo méjì mìíràn tí mo dúró tì pẹ́ ni ti Martín Dihigo àti Minnie Miñoso. Ìpínlẹ̀ Matanzas ní Cuba ni wọ́n ti bí àwọn méjèèjì. Ẹni tó bá gbọ́ Matanzas tí kò bá rántí àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lọ oko ìrèké níbẹ̀, kó lọ gbọ́ orin Lùkùmí. Bàtá ṣì ń dún níbẹ̀, Ọ̀ṣun àti Yemọja ṣì ń gbọ́ orúkọ wọn. Dihigo ju bọ́ọ̀lù, ó fi igi gbá a, kò sí àyè tí wọ́n fi í sí tí kò mọ̀ ọ́n ṣe. Miñoso ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ nínú White Sox ti Chicago, ní 1951. Ó fẹ́ wọ ilé yìí títí tó fi kú ní 2015. Wọ́n gbà á wọlé ní 2022. Òwe mi ọjọ́ Ìṣẹ́gun tún padà wá bá mi níwájú àwo náà, ṣùgbọ́n n kò sọ ọ́ síta, ọmọ náà ti gbọ́ ọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 26 Oṣù Keje

Gbogbo òpópónà di ọjà. Àwọn tó ti fẹ̀yìn tì jókòó sídìí tábìlì níwájú ìtajà, wọ́n ń fi orúkọ wọn sí bọ́ọ̀lù fún owó. Iye owó wà lára páálí: tí o bá fẹ́ kó kọ ọ̀rọ̀ kan lé e, owó tún lé. Ọ̀kan nínú ohun tí àwọn èèyàn mọ̀ mọ́ òpin ọ̀sẹ̀ yìí ni Pete Rose, tó máa ń wá jókòó síbí lọ́dọọdún láti fọwọ́ síwèé, ìdúró díẹ̀ sí ilé tí wọn kò jẹ́ kó wọ̀. Ìgbà 4,256 ló gbá bọ́ọ̀lù dé béèsì, kò sẹ́ni tó tó o nínú Major League. Ní 1989 ni wọ́n lé e kúrò títí ayé torí ó ń ta tẹ́tẹ́ lórí eré. Ó kú ní 30 Oṣù Kẹsàn-án ọdún tó kọjá. Ní 13 Oṣù Karùn-ún ọdún yìí, ọ̀gá àgbà líìgì, Rob Manfred, ní ìjìyà "títí ayé" parí nígbà tí èèyàn bá kú, ó sì yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìwé náà, òun àti àwọn mẹ́rìndínlógún mìíràn tó ti kú. Ó lè wà lórí ìwé ìdìbò ní Oṣù Kejìlá 2027.

Ìjà rẹ̀ ni wọ́n ń jà ní gbogbo ìtajà. Ẹnì kan ní iṣẹ́ ọwọ́ ni kí wọ́n wò, kì í ṣe ìwà. Ẹlòmíràn ní ẹni tó ta tẹ́tẹ́ lórí eré ti ba oúnjẹ gbogbo ilé jẹ́. Èmi fara mọ́ ẹnì kejì. Ṣùgbọ́n kí wọ́n dárí ji èèyàn nígbà tí kò lè gbọ́ mọ́, mo rò ó títí, n kò mọ ẹni tí ìyẹn ṣe lóore.

Ọmọ mi ná owó rẹ̀ ní tábìlì bàbá kan tó ń ta káàdì agbábọ́ọ̀lù. Ó yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fi etí ìka mú wọn bí ẹni mú ìyẹ́ ẹyẹ. Ó fẹ́ Ichiro, owó Ichiro ti gun òkè àjà. Bàbá náà wá fún un ní Ryne Sandberg ti Cubs, dọ́là mẹ́ta. Igun káàdì kan ti tẹ̀. "Èyí dára," ni bàbá náà wí, "òun ni mo máa ń wò nígbà tí mo wà lọ́mọdé." Sandberg wọ Ilé Òkìkí ní 2005. Kò wá lọ́dún yìí, àìsàn jẹjẹrẹ ń bá a jà.

Nírọ̀lẹ́, wọ́n gbé àwọn àgbà náà la ìgboro kọjá nínú ọkọ̀. A juwọ́ títí apá fi ro wá.

Ọjọ́ Àìkú, 27 Oṣù Keje

Ọ̀fẹ́ ni ayẹyẹ náà, lórí koríko gbalasa kan. Èèyàn ti fi àga sílẹ̀ láti àná, kò sì sẹ́ni tó fọwọ́ kan ti ẹnikẹ́ni. Wọ́n fojú bù ú pé a tó 30,000. Ibi tí a jókòó sí, ìdílé Japan kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, bàbá, ìyá, ọmọbìnrin méjì, gbogbo wọn wọ jẹ́sì Ichiro, nọ́ńbà 51. Nígbà tí ebi dé, mo tú mọ́ínmọ́ín Ìyá Ìbejì. Ìyá àwọn ọmọ náà wo ewé, ó wo ọwọ́ mi bí mo ṣe ń ṣí i, ó rẹ́rìn-ín, ó mú ohun tiwọn jáde: ìrẹsì tí wọ́n mọ rìbìtì, tí wọ́n fi ewé inú òkun wé. A ṣe pàṣípààrọ̀. Kò sí ẹni tó gbọ́ èdè ẹnìkejì. Ó fi ìka méjì wé afẹ́fẹ́, mo ní ẹ̀wà ni, ọmọ mi túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì, bàbá náà túmọ̀ rẹ̀ sí Japan. Wọ́n jẹ ẹ́ tán.

CC Sabathia, ajubọ́ọ̀lù, yà mí lẹ́nu. Ó ṣẹ́gun nínú eré 251, ìgbà 3,093 ló lé onígi lọ jókòó láìrí bọ́ọ̀lù gbá. Dípò kó sọ ti ara rẹ̀, àwọn obìnrin tó tọ́ ọ ló fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ yìn. Ó sì sọ ohun kan tó dùn mí dé egungun, pé òun kò fẹ́ jẹ́ ajubọ́ọ̀lù aláwọ̀ dúdú tó kẹ́yìn tí yóò dúró síbẹ̀. Ó ní ìdí. Ní ìdíje àṣekágbá ọdún 2022, kò sí aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà kan ṣoṣo nínú ẹgbẹ́ méjèèjì, èyí tí kò ṣẹlẹ̀ láti 1950.

Billy Wagner fi ọwọ́ òsì ju bọ́ọ̀lù wọ Ilé Òkìkí. Ọwọ́ ọ̀tún ni Ọlọ́run fún un, ó ṣẹ́ nígbà èwe, ó sì kọ́ òsì. Ìyàwó Dick Allen ló sọ̀rọ̀ nípò ọkọ rẹ̀. Ti Dave Parker ló mú ìpalọ́lọ́ wá. Wọ́n yàn án ní Oṣù Kejìlá, ó gbọ́, ó yọ̀, ó kọ ewì sílẹ̀ fún ọjọ́ náà. Ó kú ní 28 Oṣù Kẹfà. Ọjọ́ mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ló kù. Ọmọ rẹ̀ ló ka ewì náà, apanilẹ́rìn-ín ni, gbogbo wa rẹ́rìn-ín, mo sì ń wo ẹsẹ̀ mi.

Ichiro wá bọ́ síwájú. Ẹni tó fi ògbufọ̀ bá akọ̀ròyìn sọ̀rọ̀ ní gbogbo ọdún tó fi gbá bọ́ọ̀lù, Gẹ̀ẹ́sì ló fi sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ látòkè délẹ̀. Ó ní ìgbà kẹta rèé tí òun ń di ọmọ tuntun nínú eré. Ìgbà 3,089 ló gbá bọ́ọ̀lù dé béèsì ní Amẹ́ríkà, ẹni tó jẹ́ pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ló dé. Ní 2004 nìkan, 262. Nínú akọ̀ròyìn 394 tó dìbò, 393 ló yàn án. Ó ní òun ti pe ẹni kan tó ṣẹ́ kù yẹn wá jẹun nílé òun tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ìpè náà ti kọjá àkókò. Ilẹ̀ mì fún ẹ̀rín. Ó tún ní nígbà tí Marlins ti Miami pe òun ní 2015, òun kò gbọ́ orúkọ wọn rí. Bàbá Japan ẹ̀gbẹ́ wa kò rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún, ó sì bọ́ fìlà rẹ̀ sáyà.

Ọjọ́ Ajé, 28 Oṣù Keje

A fi àárọ̀ kúrò. Inú rédíò mọ́tò la ti gbọ́ pé líìgì ti ní kí Emmanuel Clase, ajubọ́ọ̀lù Cleveland, lọ jókòó sílé títí ìparí Oṣù Kẹjọ, wọ́n ń san owó rẹ̀ lọ, nítorí ìwádìí lórí tẹ́tẹ́. Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Luis Ortiz, ti wà nílé láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù. Ìwádìí ni o, a kò tíì mọ ibi tí yóò já sí. Ṣùgbọ́n ìpolówó tó tẹ̀ lé ìròyìn náà, ti ilé iṣẹ́ tẹ́tẹ́ ni. Ọmọ mi wò mí, èmi náà wò ó.

A dé ilé lálẹ́. Mo ń kó kúlà wọlé nígbà tó pè mí láti inú yàrá rẹ̀. Ó na fóònù sí mi: Ryne Sandberg ti kú lónìí. Ọmọ ọdún márùndínláàádọ́rin.

Mo jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì. Ó ń wá nǹkan lórí fóònù náà, ó sì rí i: ère Sandberg níwájú pápá Cubs ní Chicago, 23 Oṣù Kẹfà 2024. Ère náà bẹ̀rẹ̀, ó na ìbọ̀wọ́ sílẹ̀. Sandberg fúnra rẹ̀ dúró tì í, láàyè.

"Daddy, òwe yẹn," ni ọmọ mi wí.

Mo ní mo rí i.

Ó mú káàdì tó rà jáde nínú àpò, ó fi àtàǹpàkò rọra tẹ igun tó tẹ̀ yẹn kó lè tọ́, kò tọ́, ó sì fi í sínú ìbọ̀wọ́ rẹ̀.